Olùdíje, ìlera ọmọdé àti ìṣẹ́: àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi wá ní gúúsù Kwara

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá ń bi mí ní Òmù-Àrán, ní Ọ̀fà, ní Àjàṣẹ́-Ìpo, títí dé Ọjà Ọba ní Ìlọrin, nígbàkúùgbà tí àwọn olóṣèlú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ fọ́tò mọ́ ara ògiri. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹni tó bá lè kà á, kí ó bá mi kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Kí ló pa ìdìbò pọ̀ mọ́ ìlera ọmọ mi?

Ẹni tí ẹ dìbò fún ló ń pinnu bóyá nọ́ọ̀sì yóò wà ní ilé ìlera àdúgbò yín lóru, bóyá fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò ní iná, bóyá ẹ ó bá oògùn ibà nílẹ̀ àbí wọn yóò kọ ọ́ sórí bébà fún yín pé kí ẹ lọ rà á ní kẹ́míìsì.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera ní 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún kan ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 110 ni kò pé ọdún márùn-ún. Ní 2018, 132 ni. Ó dín kù, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n 110 ọmọ ju ọmọ kíláàsì méjì lọ. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti àìjẹunrekánú wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò mọ bí a ṣe ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ipò wo ló ni iṣẹ́ wo?

Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù. Ẹni tó fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ yóò ṣèlérí ọsibítù ńlá, ẹni tó ń lọ sí Àbújá yóò ní òun yóò gba nọ́ọ̀sì sí ilé ìlera wọ́ọ̀dù. Ohun tí kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn ni wọ́n ń ṣèlérí, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè bi wọ́n lọ́jọ́ iwájú.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló sún mọ́ ọmọ yín jù. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ètò ìlera. Alága káńsù àti kánsẹ́lọ̀ ni kí ẹ bi nípa òrùlé ilé ìlera tó ń jò, kànga tó gbẹ, àti ọ̀nà oko tí alùpùpù kò lè gbà lásìkò òjò. Ìjọba ìbílẹ̀ méje ló wà ní gúúsù Kwara: Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀fà, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ọ̀yún.

Gómìnà ló ni àwọn ọsibítù ìpínlẹ̀, títí kan ọsibítù àwọn ọmọdé tó wà ní Centre Igboro ní Ìlọrin, òun náà ló sì ń darí àjọ tó ń bójú tó ìlera alábọ́dé. Àwọn aṣòfin mẹ́rìnlélógún tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìṣúná. Aṣòfin kì í kọ́lé, kì í gba òṣìṣẹ́. Ohun tí ẹ ó bi í ni pé: «Bí ìṣúná bá dé iwájú yín tí owó àwọn ọmọ wa kò tó, kí ni ẹ ó ṣe?»

Ọwọ́ Àbújá ni ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Òkè-Òyì wà, pẹ̀lú rírà abẹ́rẹ́ àjẹsára àti òfin adójútòfò ìlera (ìyẹn inṣọ́ránsì, n ó ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀). Ìwọ̀nyí ni kí ẹ bi sẹ́nétọ̀ àti ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ.

Olùdíje ní ìtọ́jú ọmọdé yóò di ọ̀fẹ́. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọ̀fẹ́ láti ibo dé ibo. Káàdì lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ìyá ṣì máa ra ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, omi tí wọ́n ń fà sára àti oògùn. Mo rántí ìyá kan tó gbé ọmọ tí gìrì mú wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kọ «ọ̀fẹ́» gàdàgbà sára ògiri wa. A ò ní oògùn kankan nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́kadà tó gbé e wá ló tún sáré gbé bàbá ọmọ lọ sí kẹ́míìsì, gbogbo wa sì ń wo ojú ọmọ. Ó yè é. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ «ọ̀fẹ́» kì í tètè wọ̀ mí létí.

Olùdíje tó ti ronú sí i yóò lè sọ ọjọ́ orí tí ètò náà mọ, àìsàn tó kàn, ilé ìwòsàn tí ó ti máa wáyé, àti àpò tí owó rẹ̀ yóò ti jáde. Èyí tí kò tíì ronú sí i yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún yín.

Ṣebí ọ̀fẹ́ ni àjẹsára tẹ́lẹ̀. Kí ló kù tí olùdíje fẹ́ ṣe?

Òótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọmọ yóò gbà á ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà mẹ́fà nìyẹn, kí a má tíì ka ti fítámì A. Fún ìyá tó ń gbé ní oko tàbí ní gáà, ìgbà mẹ́fà ló máa wá owó ọkọ̀, ìgbà mẹ́fà ló máa fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀, nígbà mìíràn kí ó débẹ̀ kí wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti tán.

Iṣẹ́ tó kù ni kí abẹ́rẹ́ wá bá ọmọ. Owó epo alùpùpù ni, yìnyín inú kúlà ni, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni. Bí a ṣe lé rọpárọsẹ̀ lọ náà nìyẹn, ilé dé ilé, títí wọ́n fi kéde ní 25 oṣù kẹjọ 2020 pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá (wild polio) ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, kò sí níbẹ̀ nígbà náà.

Kí ni adójútòfò ìlera? Ṣé ti tálákà ni?

Ó dà bí èsúsú. Gbogbo ènìyàn ń dá owó kékeré, ẹni tí àìsàn bá kàn la fi ń tọ́jú, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó kiri nígbà tí ara ọmọ ń gbóná. Kò ṣàjèjì sí Kwara. Ní 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan fún àwọn àgbẹ̀ ní Shonga, lẹ́yìn náà ó dé Àfọ̀n. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ará ìlú ń san. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù.

Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2022 sọ pé adójútòfò ìlera ti di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti aláboyún wà lára wọn. Kwara náà ní àjọ adójútòfò tirẹ̀. Nítorí náà, olùdíje tó bá ní òun yóò «dá» adójútòfò sílẹ̀ kò ka ìwé. Ìbéèrè tó yẹ ni: ọmọ tálákà mélòó ni ẹ ó san owó tiwọn lọ́dọọdún, ta ni yóò sì yàn wọ́n?

Kí ni owó BHCPF tí nọ́ọ̀sì wa máa ń sọ?

Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Apá kan lọ sí adójútòfò àwọn aláìní, apá kan sí oògùn, àtúnṣe ilé àti òṣìṣẹ́, apá kékeré sí ìtọ́jú pàjáwìrì. 2014 ni òfin. 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ìṣúná. Ọdún mẹ́rin! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí òfin jáde ti ń lọ sí ilé-ìwé jẹ́léósinmi kí kọ́bọ̀ kan tó jáde.

Ilé ìlera kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí owó náà máa wọ àpò rẹ̀ tààrà, kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì jókòó pẹ̀lú wọn láti pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe. Kwara ní wọ́ọ̀dù 193. Ẹ bèèrè ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ti yín. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó bá kánsẹ́lọ̀ sọ.

Níbo ni mo ti lè mọ ohun tó wà lọ́kàn olùdíje, yàtọ̀ sí ohun tó sọ lórí rédíò?

Ètò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Abala 224 nínú òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ètò ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá Orí Kejì òfin náà mu, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ìlera fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì dáàbò bo àwọn ọmọdé. Nítorí náà ẹgbẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ọmọdé ti jẹ gbèsè.

Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ti ṣe alága rí, ẹ lọ wo ilé ìlera tó fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ oníṣòwò, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́bìnrin rẹ̀ pé báwo ló ṣe ń ṣe fún wọn bí wọ́n bá bímọ. Èmi gbà pé ìyẹn ń sọ òótọ́ ju ìwé lọ.

Báwo ni ẹni tí kì í ṣe oníṣirò owó ṣe lè wo ìṣúná?

Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé ìṣúná rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìròyìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe ná an. Ọmọ yín tó ní fóònù lè wá a. Ìlà ìlera ni kí ẹ wò. Iye méjì ló wà níbẹ̀: iye tí wọ́n fẹ́ ná àti iye tí wọ́n ti ná. Èyí èkejì ni ọ̀rọ̀. Wọ́n lè kọ owó rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún ilé ìlera ní oṣù kìíní, kí oṣù kejìlá dé kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kẹrin 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jókòó ní Àbújá níbí, wọ́n ṣèlérí pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná ni àwọn yóò máa fi sí ìlera. Ilé wa ni wọ́n ti ṣe ìlérí náà. Ẹ fi wọn olùdíje yín.

Kí ló dé tí ẹ ń pa ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti ìlera?

Nítorí pé mo ti rí ọmọ tí a fún ní oògùn ibà lọ́jọ́ Ajé tí ebi tún gbé e padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, gbé jáde ní 2022 ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, 67 ló wà nínú ìṣẹ́. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n wò: wọ́n wo oúnjẹ, omi, ilé-ìwé, igi ìdáná. Ìwádìí ìlera ti 2023 sí 2024 náà ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó bó ṣe yẹ, nítorí àìjẹunrekánú. Ti 2018 jẹ́ 37. Ti ikú dín kù, ti ebi ń pọ̀ sí i.

Tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ mẹ́ta kan wà tí a fi ń wọn apá ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bí apá kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni, ọmọ náà wà nínú ewu. Tẹ́ẹ̀pù náà kò wọ́n rárá. Ẹ bi olùdíje bóyá ó mọ̀ ọ́n. Mo ti bi ọ̀pọ̀ wọn.

Owó tí ìjọba ń pín fún mẹ̀kúnnù ńkọ́? Ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ?

Bó bá dé ọwọ́ ìyá, tó sì ń dé déédéé, ó ń di ẹyin, ẹ̀wà àti owó ọkọ̀. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pínpín ₦5,000 lóṣù fún àwọn ìdílé tó tálákà jù ní ìparí 2016. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba Ààrẹ Bola Tinubu kéde ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n dá àwọn ètò ìrànwọ́ náà dúró fún àyẹ̀wò. Ìpínlẹ̀ Kwara náà ti ṣe ètò tirẹ̀, Owó Arúgbó àti Owó Ìṣòwò.

Wàhálà tí mo rí ni pé ó ń wá bí òjò àkọ́rọ̀, kò sẹ́ni tó lè gbára lé e. Ìyá kò lè bọ́ ọmọ pẹ̀lú owó tí kò mọ ọjọ́ tí yóò tún dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ àwọn aláìní: ta ló ń kọ orúkọ, ta ló sì ń yọ ọ́? Olùdíje tó bá ní kí wọ́n lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ilé ìlera tàbí ààfin, kí gbogbo wọ́ọ̀dù rí i, èmi yóò fetí sí i.

Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé?

Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016 fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní sí ìkẹta, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ó dára. Ẹ bèèrè bóyá ilé-ìwé yín gan-an wà nínú rẹ̀, ta ló ń sè é, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sè é ní táàmù tó kọjá.

Àwọn ọmọ ilé kéú ńkọ́, àwọn tó ń tọrọ ní Ìlọrin?

Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí, nítorí kò sí nínú ètò púpọ̀ nínú àwọn olùdíje. Ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé ìjọba kò jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Mo ti rí àáfà tó fúnra rẹ̀ kó àwọn ọmọ kéú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ àjẹsára, gbogbo wọn tò tẹ̀lé e bí ọmọ adìyẹ. Nítorí náà ẹ bi olùdíje: ṣé ẹ ti bá àwọn àáfà jókòó? Ṣé nọ́ọ̀sì lè máa lọ sí ilé kéú lẹ́ẹ̀kan lóṣù? Ẹni tó kàn ń pariwo pé òun yóò kó wọn kúrò ní títì kò sọ ibi tí òun ń kó wọn lọ.

Ọ̀kan fẹ́ kọ́ ilé ìlera tuntun, èkejì fẹ́ gba nọ́ọ̀sì. Ta ni kí n yàn?

Ẹni tó fẹ́ gba nọ́ọ̀sì, bó bá sọ bí yóò ṣe máa san owó oṣù wọn lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́. Ilé rọrùn láti fi hàn nínú fọ́tò, owó oṣù kò ní ìlẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gé rìbọ́nù sí. Mo mọ ilé ìlera tí wọ́n kùn dáadáa tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Ibi tí kò bá sí ilé rárá nìkan ni ìdáhùn mi lè yàtọ̀.

Olùdíje ṣe ìwòsàn ọ̀fẹ́ ọjọ́ méjì, ó tún pín ìrẹsì. Ṣé kò ti fi hàn pé ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ wa?

Bí ọmọ yín bá nílò ìtọ́jú, ẹ gbé e lọ, n kò ní dá ìyá kankan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà tó wá: ní ọjọ́ kẹta, ta ni yóò wo ọmọ yìí? Àti «dìbò kí o sebẹ̀» yẹn, òfin ìdìbò ka rírà ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Dẹ́ríkà ìrẹsì kan yóò tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ipò náà jẹ́ ọdún mẹ́rin.

Ọkọ mi ti sọ ẹni tí gbogbo ilé yóò dìbò fún.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún un nílé. Ní ibùdó ìdìbò, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó wọ inú àtíbàbà, ìka yín nìkan ló wà lórí bébà, kò sì sí òfin tó ní kí ẹ fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni yóò yí ọkàn padà bí ẹ bá ka iye tí ẹ ná lórí ọmọ ní ọsibítù lọ́dún tó kọjá sí i létí.

Alága ní owó kò dé ọwọ́ òun, Ìlọrin ló di í mú. Òótọ́ ni?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òótọ́ ní ibi púpọ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ṣe àwáwí. Ní 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, kí ó máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe alága sọ ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá tún dì í mú. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà náà sọ, ní gbangba, bóyá yóò tẹ̀ lé ìdájọ́ náà.

Ní 2027, kò ní sí gómìnà tó ń wá sáà kejì. Kí la ó fi wọn wọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni, Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq tó wọlé ní 2019 àti 2023 kò lè díje sípò náà mọ́. Àwọn tó bá ti bá ìjọba ṣiṣẹ́, ní èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́, ẹ bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì ṣe rí, ẹ ní kí ó dárúkọ ilé ìlera kan ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tó ti wọlé sí, kí ó sọ ohun tó bá níbẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ wa kò ní tà. Nínú ìdìbò 2019, ará Kwara fi ìbò sọ pé «Ó tó gẹ́», gbogbo ayé gbọ́.

Bó bá wọlé tán, tó gbàgbé ńkọ́? Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́?

Lórí ìlérí ìpolongo, rárá. Orí Kejì òfin orílẹ̀-èdè tí mo mẹ́nu bà lókè náà, abala 6 ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè fi ipá mú ìjọba ṣe é. Èyí máa ń dùn mí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tún sọ pé gbogbo ọmọ ló ní ẹ̀tọ́ sí ìlera, ìyẹn sì lágbára díẹ̀ sí i ní ọwọ́ agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́.

Aṣòfin ṣeé pè padà. Fún ti ìpínlẹ̀, abala 110 ní kí ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí àjọ elétò ìdìbò sì ṣe ìbò lé e lórí. Ó le gan-an. Ti gómìnà kò sí ní ọwọ́ wa, ọwọ́ àwọn aṣòfin ló wà.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń gba ohùn olùdíje sílẹ̀ sórí fóònù níbi tó ti ń ṣèlérí, mo sì ń kọ ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́ sínú ìwé kan. Ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, èmi àti àwọn ìyá bíi mẹ́jọ máa ń lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ wa, a ó jókòó, a ó sì tan ohùn náà sí wọn létí. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà kẹta, wọ́n fún wa ní àga.